Ewé Kan, Àwọ̀ Méjì: Ohun tí Ìkòkò Aró Fi Yé Mi nípa Tíì

"Ta ló wá pa èyí láró?"

Ìbéèrè tí ìyá aláró kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo, bi mí nìyẹn, nígbà tí mo gbé kọ́ọ̀pù tíì méjì síwájú wọn. Tíì inú kọ́ọ̀pù kìn-ín-ní mọ́, ó kàn fi díẹ̀ ní àwọ̀ ewé lára. Ti èkejì pupa fòò. Mo ti sọ fún wọn pé irú igi kan náà ni wọ́n ti já ewé méjèèjì. Wọ́n tọ́ àkọ́kọ́ wò, wọ́n tọ́ èkejì wò, wọ́n ṣí ike tí mo kó ewé gbígbẹ sí, wọ́n bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Ọ̀kan ṣì ní àwọ̀ ewé, èkejì dúdú kirikiri. Ìgbà náà ni wọ́n wá bi mí pé ta ló pa á láró.

Mo ní, "Màmá, ẹnikẹ́ni ò pa á láró o. Afẹ́fẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀."

Wọ́n ní, "Hẹ̀n." Wọ́n mu èyí tó mọ́ tán, wọ́n gbé èyí tó pupa fún ìyàwó ọmọ wọn, a sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Òótọ́ ni mo sọ fún wọn, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n sinmi fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Inú ìwé ni mo ti mọ̀ ọ́n, ojú mi ò tíì rí i. Bí mo bá gbé omi kaná ní ìdájí, á wá sí mi lọ́kàn: afẹ́fẹ́ tí a kò rí, tí kò láwọ̀, báwo ló ṣe ń kun ewé? Kí ló dé tó fi ń kun ọ̀kan tí kò sì kun èkejì? Mo lè fi ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ dáhùn, àmọ́ mo rí i lójú màmá yẹn pé ọ̀rọ̀ onímọ̀ kọ́ ni wọ́n béèrè. Iṣẹ́ ni wọ́n béèrè. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ọwọ́ èèyàn ṣe sí ewé náà.

Tíì tí mò ń sọ

Ewé tí a fi omi gbígbóná rẹ ni tíì tí mò ń sọ níbí. Milo àti Bournvita ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ewé tíì tí ọ̀pọ̀ wa ń gbìn sẹ́yìnkùlé, èyí tí àwọn kan ń pè ní koríko ọba. Ó dára, òórùn rẹ̀ ń tù mí lára, àmọ́ koríko ni, igi tíì kọ́. Igi tíì gan-an ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Camellia sinensis. Bí mo bá sì ní tíì dúdú, ewé dúdú ni mo ní lọ́kàn, kì í ṣe tíì tí wọn ò da mílíìkì sí.

Sábó ni ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ mí lára. Gbogbo wa la mọ àwọn àbókí onítíì tó máa ń da tíì láti inú kọ́ọ̀pù kan sí èkejì, apá wọn á nà gbọọrọ, títí tíì náà á fi máa hó yẹ́ẹ́. Mo fẹ́ràn wọn. Àmọ́ àwọn tó mú mi dúró ni àwọn ará Niger tó máa ń jókòó sórí ẹní nírọ̀lẹ́, tí wọ́n gbé kẹ́tù kékeré sórí ẹ̀yinná. Tíì aláwọ̀ ewé ni tiwọn, láti ilẹ̀ Ṣáínà ló ti ń wá, wọ́n ti ká ewé náà kó lè le kókókó, kóro kọ̀ọ̀kan ò ju ẹ̀wà kékeré lọ. Wọ́n á sè é pẹ̀lú ṣúgà àti ewé na'ana (mint), wọ́n á dà á láti òkè sínú gíláàsì kékeré, kó lè yọ fóòmù. Ewé kan náà ni wọ́n á sè lẹ́ẹ̀mẹta. Ti àkọ́kọ́ á korò, ti èkejì á rọ̀, ti ẹ̀kẹta á dùn. Láàárín Màgáríbì sí Ìṣáì ni wọ́n ń mu gíláàsì mẹ́ta yẹn, kò sí ẹni tó ń wo aago.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wá ewé kiri. Ẹni tó bá ń rin ìrìn àjò ti mọ ohun tí mo máa ní kó bá mi rà bọ̀.

Ọjọ́ tí aṣọ jáde láwọ̀ ewé

Mo padà sọ́dọ̀ ìyá aláró. N kò lọ torí tíì, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ní kí n bá òun gba àdìrẹ oníko kan tó ti sanwó rẹ̀. Aṣọ náà ò tíì gbẹ, wọ́n ní kí n jókòó.

Òṣogbo ìlú aró là ń kì ara wa, àmọ́ ẹ lè gbé ìlú yìí pẹ́ kí ẹ má rí ẹni tó ń fi ẹ̀lú ṣiṣẹ́. Àwọn díẹ̀ tó kù ni màmá yìí wà nínú wọn. Ewé ẹ̀lú ni wọ́n ń gún nínú odó, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a sóòrùn. Wọ́n á da omi sí eérú nínú ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí nídìí, kí omi eérú lè máa kán sínú èyí tó wà nísàlẹ̀. Inú omi eérú yẹn ni wọ́n ń rẹ ẹ̀lú sí fún ọjọ́ díẹ̀, títí á fi kan, títí òórùn rẹ̀ á fi gba àgbàlá kan. Imú ni màmá fi ń mọ̀ bóyá ó ti tó. Wọ́n á ṣí ìdérí, wọ́n á tẹ orí ba, wọ́n á ní "Ó kù díẹ̀" tàbí "Ó ti mú."

Lọ́jọ́ náà, aró ti mú. Wọ́n ki ọwọ́ bọ ìkòkò, wọ́n sì fa aṣọ kan jáde ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ojú mi ń retí búlúù. Ohun tó jáde ní àwọ̀ ewé, ewé tó ti fẹ́ máa ya ìyeyè. Mo rò pé nǹkan ti ba iṣẹ́ jẹ́, mo fẹ́ sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní, "Má wo ọwọ́ mi. Aṣọ ni kó o wò."

Mo wo aṣọ. Etí rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ bà ló kọ́kọ́ yí padà. Àwọ̀ ewé náà ń ṣú, ó ń ṣú, ó di àwọ̀ aró lójú mi. Ibi tí aṣọ ti ká wọnú ara rẹ̀ ṣì wà bó ṣe jáde, àfi ìgbà tí wọ́n fi ìka méjì tú ìká náà, tí afẹ́fẹ́ wọbẹ̀, tí ibẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Kò sí ohun tí wọ́n fi kún un. Omi ń ro tótó láti ara aṣọ náà sílẹ̀, wọ́n kàn gbé e dání ni.

Mo ní, "Màmá, kí ló ṣe é?"

Wọ́n wò mí. "Afẹ́fẹ́ ni. Ṣebí ìwọ náà lo sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́jọ́sí."

Wọ́n gbé aṣọ náà kọ́ sórí okùn, wọ́n wá mú mi lọ sídìí odó. Ewé ẹ̀lú tí wọ́n gún láàárọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n bù ú sí àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n fi àtàǹpàkò ya á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí n lè rí i. Èyí tí ọmọ odó ti fọ́ dáadáa ti ṣú. Àwọn abala tó ṣì wà lódindi láàárín wọn ṣì tutù yọ̀yọ̀. Inú odó kan náà, àárọ̀ kan náà, afẹ́fẹ́ kan náà. Wọ́n ní bí èèyàn ò bá gún ẹ̀lú, tó kàn fi í sílẹ̀, ewé lásán ló máa gbẹ dà.

Mo ti ń ka irú ọ̀rọ̀ yìí nípa tíì láti ọjọ́ pípẹ́, kò tíì yé mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ibi tí wọ́n ti dá afẹ́fẹ́ dúró

Ohun tí àwọn oníṣẹ́ tíì ń ṣe nìyí. Wọ́n á já ewé méjì pẹ̀lú ọ̀mùnú tó wà lórí rẹ̀. Nínú ewé tútù yẹn ni ohun tó ń mú tíì korò díẹ̀ lẹ́nu wà, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹ́ńsáìmù, èròjà inú ewé tó lè pa á láwọ̀ dà. Àmọ́ yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé nínú ewé, wọn kì í pàdé. Bí ẹ bá fẹ́ tíì dúdú, ẹ ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ewé rọ, nǹkan bí òru kan, ẹ ó wá yí i mọ́wọ́ tàbí mọ́ ẹ̀rọ kí inú rẹ̀ lè fọ́. Ìgbà náà ni àwọn méjèèjì á pàdé, afẹ́fẹ́ á sì bá wọn dá sí i. Ewé á pọ́n, á ṣú, òórùn rẹ̀ á yí padà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ooru gbẹ ẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ tíì aláwọ̀ ewé, ooru lẹ ó kọ́kọ́ fi bá a. Àwọn ará Ṣáínà ń yan án nínú agbada, àwọn ará Japan ń fi èéfín omi gbígbóná sè é. Ooru yẹn ló ń pa ẹ́ńsáìmù náà kí afẹ́fẹ́ tó ríṣẹ́ ṣe. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ, wọn ò kàn jẹ́ kí tiwọn pẹ́ ni.

Mo mọ̀ pé ohun tó wà nínú ẹ̀lú àti èyí tó wà nínú tíì kì í ṣe ọ̀kan náà, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ò sì ní jẹ́ kí n pè é bẹ́ẹ̀. Aró inú ìkòkò gan-an, omi eérú àti kíkan rẹ̀ ló ti gba afẹ́fẹ́ lára rẹ̀ kó tó lè wọ aṣọ. Ìgbà tí aṣọ bá jáde ló tún ń gba afẹ́fẹ́ náà padà. Iṣẹ́ yẹn jinlẹ̀ ju ti tíì lọ lójú tèmi. Àmọ́ ti inú odó yẹn, ewé tí a fọ́ tó sì ṣú, ẹbí kan náà ni òun àti tíì dúdú.

Nígbà tí mo ṣe àlàyé yìí fún màmá, wọ́n ń tú ìko lára aṣọ mìíràn. Wọn ò gbé ojú sókè. Wọ́n ní, "Àbí wọn kì í dá a dúró lágbedeméjì ni?"

Mo ní kí ni wọ́n ní lọ́kàn. Wọ́n ní aṣọ tó bá wọ aró lẹ́ẹ̀kan, àyìnrín ni. Èyí tó bá wọ̀ ọ́ léraléra, tó ń jáde gba afẹ́fẹ́, tó tún ń padà, òun ló ń di ẹtù. Wọ́n ní kò sí aláró tó gbọ́n tó máa mọ àyìnrín àti ẹtù nìkan, torí ohun tó wà láàárín wọn ló pọ̀ jù. "Èyí tó o gbé wá fún mi, ọ̀kan ò rí afẹ́fẹ́ rárá, ọ̀kan rí i yó. Níbo ni ti àárín wà?"

Orí mi wú. Tíì ti àárín wà. Oolong ni wọ́n ń pè é, ẹkùn Fujian ní Ṣáínà àti erékùṣù Taiwan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe jù. Wọ́n á máa mi ewé náà kí etí rẹ̀ lè fọ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á tún mì í, tó bá wá dé ibi tó wù wọ́n, wọ́n á fi ooru dá a dúró. Oolong kan lè súnmọ́ tíì aláwọ̀ ewé, òmíràn lè súnmọ́ tíì dúdú. Ìyá tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, tí kò tọ́ ọ wò rí, ló jókòó sórí àpótí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tó sì fi ọgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sọ pé ó gbọ́dọ̀ wà.

Ọgbọ́n ta ni tíì?

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti gbà fún ẹni tó bá sọ fún mi pé ohun Òyìnbó ni tíì, tàbí pé ó dìgbà tí èèyàn bá ka ìwé àwọn ará Ṣáínà kó tó lè lóye rẹ̀. Igi náà ni kì í ṣe tiwa látìbẹ̀rẹ̀. Ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀, ìyẹn mímọ ohun tí ewé ń dà nígbà tí a bá fọ́ ọ, àti ìgbà tó yẹ ká fi í sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, ti wà nínú àgbàlá àwọn ìyá wa kí wọ́n tó gbé páálí tíì kankan wọ Òṣogbo. Nike Okundaye fi àdìrẹ àti aró kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìlú yìí, àwọn kan sì wá láti òkèèrè torí ẹ̀. Bí àjèjì bá lè wá kọ́ aró lọ́dọ̀ wa, èmi ò rí ohun tó ní kí aláró má kọ́ èmi náà ní tíì.

Ohun kan náà ló sì ti ṣe iṣẹ́ méjèèjì lọ́ṣẹ́: ìkánjú. Lọ́dún 1897, iléeṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, tí kò nílò ewé kankan. Nígbà tó yá, irú aró bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, sódà sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ eérú. Ní nǹkan bí ọdún 1930, wọ́n ṣe ẹ̀rọ kan ní Assam, ní Íńdíà, tí irin rẹ̀ ní eyín, tó ń fọ́ ewé tíì, tó ń fà á ya, tó sì ń ká a pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ìka èèyàn ń rọra fọ́, ẹ̀rọ náà á lọ̀ ọ́ wuuru, afẹ́fẹ́ á wọ gbogbo ara rẹ̀ kíákíá, tíì náà á sì yára pupa nínú omi. Irú rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú tíì oníbáàgì tí a ń mu.

N kò kórìíra tíì oníbáàgì. Dírẹ́bà tó fẹ́ kúrò ní Old Garage láago márùn-ún ìdájí ò lè jókòó ti oolong. Ohun tó ń dùn mí ni pé a ti mu ti ìkánjú pẹ́ débi pé a rò pé òun nìkan ni tíì, bí ọmọ tí a bí sílé aláṣọ tó jẹ́ pé búlúù kan ṣoṣo ló mọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ti àárín wà ò lè béèrè rẹ̀.

Ewé Mambilla

Kì í sì í ṣe pé a ò ní ewé. Lórí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba, ilẹ̀ tó ga ju mítà 1,500 lọ, tí òtútù ti ń mú èèyàn nílẹ̀ Nàìjíríà wa níbí, wọ́n ń gbin igi tíì ní Kakara, kò jìnnà sí Gembu. Ibi gíga, ibi tútù, ni tíì ti máa ń dára. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Kericho ní Kenya, orílẹ̀-èdè tó ń kó tíì dúdú ránṣẹ́ sílẹ̀ òkèèrè jù lọ láyé. Níbẹ̀, ewé kì í yára dàgbà, adùn rẹ̀ á sì pọ̀ sí i. Orúkọ tí a mọ̀ mọ́ tíì Mambilla ni Highland Tea, oníbáàgì.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ṣe àgùnbánirọ̀ ní Taraba mú ewé díẹ̀ bọ̀ fún mi nínú ọ̀rá, kì í ṣe ti inú báàgì. Ewé dúdú ni, kò dọ́gba, ọ̀mùnú kéékèèké tó pọ́n bíi wúrà wà láàárín rẹ̀. Mo rẹ ẹ́ láìfi ṣúgà tàbí mílíìkì sí i. Ó le, ó gba ẹnu, àmọ́ lẹ́yìn tí mo gbé e mì ni adùn kan tó fara jọ oyin dé sí ọ̀nà ọ̀fun mi. Ewé yìí lè ṣe ju ohun tí a ń fi í ṣe lọ. Bí ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ bá dá a dúró ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Mambilla lè fún wa ní àyìnrín, kó fún wa ní ẹtù, kó sì fún wa ní gbogbo èyí tó wà láàárín.

Omi

Màmá ló tún là mí lójú sí èyí. Wọn kì í fi omi kànga ilé wọn rẹ aró, omi òjò ni wọ́n ń gbè sínú àmù. Wọ́n ní omi kànga wúwo. Mo dán an wò pẹ̀lú tíì: mo fi omi borehole àdúgbò mi rẹ ewé Mambilla, mo fi omi òjò rẹ ìyókù. Ti borehole ṣú, ó sì yọ awọ tín-ín-rín lójú, awọ tó ń fọ́ bí mo bá ti ṣíbí bọ̀ ọ́. Ti òjò mọ́ rekete. Ẹfun inú omi ló ń fa awọ yẹn, ibi tí ẹfun bá ti pọ̀ nínú ilẹ̀, tíì ibẹ̀ kì í dán. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ má dá ewé lẹ́bi. Ẹ fi omi inú ọ̀rá dán an wò, tàbí ti òjò tí ẹ sè dáadáa.

Bí mo ṣe ń rẹ ti Mambilla nìyí. Omi á hó dáadáa. Ṣíbí ìmutíì kan fún kọ́ọ̀pù kan, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin, kí n tó fi asẹ́ sẹ́ ẹ, torí ewé tó bá pẹ́ jù nínú omi á korò. Tíì aláwọ̀ ewé ò fẹ́ omi tó ń hó. Bí omi bá sọ̀ kalẹ̀, mo máa ń dà á sínú kọ́ọ̀pù mìíràn, kó fẹ́ díẹ̀, kí n tó da ewé sí i, ìṣẹ́jú méjì ti tó. Kí aboyún àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré má sì mu ún mọ́ oúnjẹ o, torí tíì kì í jẹ́ kí ara gba èròjà ayọ́ọ̀nù (iron) inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà dáadáa. Kí wọ́n jẹun tán, kí ó tó wákàtí kan, kí wọ́n tó mu ún.

Mo ti ní kí ẹnì kan tó ń bọ̀ láti Èkó bá mi ra oolong, torí n kò rí i rà ní Òṣogbo, mo sì ti ṣèlérí ti àárín fún màmá. Àmọ́ ti Mambilla gan-an ló wù mí kí n gbé fún wọn. Bí ẹ bá ní èèyàn ní Gembu tàbí Kakara tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ nínú oko tíì, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́: kó yí ewé díẹ̀ mọ́wọ́, kó jẹ́ kí etí rẹ̀ nìkan pọ́n, kó wá yan án nínú agbada kó gbẹ. Mo máa san owó rẹ̀ àti owó mọ́tò tó bá gbé e wá.